Ojú Ilé Ní Ara Yèyé Mọ́

"Ara yìí ò mọ́," Ojú Ilé tún wí, àfi bíi pé adití ló ń gbénú ilé. "Ara yìí ò mọ́. Orísun: Tẹniọlá, ọmọ ìsàlẹ̀. Àgò ń bọ̀ wá gbé e."

Dókítà Mopélọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ ni, àpò iṣẹ́ rẹ̀ wà léjìká, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbójú sókè wo nǹkan náà. Dígí roboto kan ni, kò ju orógbó lọ, wọ́n kàn án mọ́ òkè ilẹ̀kùn níbi tí àwọn ará àtijọ́ máa ń fi oǹdè há. Kò sí ilé tí kò sí ní gbogbo Òkè Ìsádi, àtilé ọlọ́lá àtilé alágbàṣe. Iná pupa ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀.

"Panu mọ́, jàre," Mopélọ́lá wí fún un. Ó pòṣé, ó wọlé.

Wọ́n ti di ẹrù. Àpò kan ṣoṣo ni. Tẹniọlá, ìyàwó àbúrò rẹ̀, jókòó tì í lórí ẹní, ó pọn Ìbíyẹmí ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń fi èékánná ha àárín ìka ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Bó ṣe rí ẹni tó wọlé, ó sáré kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Eyínfúnjowó." Orúkọ tó sọ Mopélọ́lá lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ nìyẹn, ìyàwó kì í ṣáà pe ọmọ ilé lórúkọ. "Ẹ má fọwọ́ kàn mí o. Wọn á ní kẹ́ ẹ bá mi lọ."

"Dìde, ìyàwó mi. Ta ló fẹ̀sùn kàn ọ́?"

"Ìyá òdìkejì wa ni. Mo na iyọ̀ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ojú Ilé sì rí i."

Ẹ wo ayé! Ká na iyọ̀ síni, ká fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni òfin Ara Mímọ́ ṣe wí: ẹni tó bá sá fún ara ẹlòmíràn níwájú Ojú, ẹ̀sùn ló fi kàn án yẹn, Ojú á sì yẹ onítọ̀hún wò. Bí ó bá rí kúrúnà lára rẹ̀, Àgò, yàrá irin tó ń rìn lórí wáyà, á gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ẹrẹ̀, níbi tí omi òkun ti ń lá ẹsẹ̀ òkè. Ẹni tó bá sì bá Àgò sọ̀kalẹ̀ kì í bá Àgò gòkè mọ́.

Dọ̀tun, ọkọ Tẹniọlá, dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn bí ẹni tó ń ka àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ orí òkè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni Adéṣọjí, aṣojú òfin, wà nínú aṣọ funfun. Ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìhòhò, kò sí ìbọ̀wọ́, torí aṣojú gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ò bẹ̀rù ara ẹnikẹ́ni.

"Ẹ kú ìrìn, Dókítà," ó wí. "Ẹ má bínú, kí lẹ wá ṣe? Wọn kì í ránṣẹ́ pe dókítà sí irú èyí mọ́."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń pè wá?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí aṣojú bá sá fún ara tí Ojú ní ó mọ́. Ìgbà yẹn ni Ojú á dákẹ́, tí ìdájọ́ á bọ́ sọ́wọ́ dókítà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n ò sá rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Mopélọ́lá lọ́kàn, torí òótọ́ ni. Dókítà awọ ara ni, ó fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ ọ. Lónìí kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Kí ó jókòó sílé ìwòsàn, kí Ojú máa sọ ohun tó rí, kí òun máa tẹ àtàǹpàkò sí ìdí rẹ̀. Adìẹ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ sàn jù ú lọ, ó ṣáà lè ké.

"Mo wá kí ìyá mi," ó wí. "Ṣé òfin lòdì sí ìyẹn náà?"

Kò dúró de èsì. Ó fa ọwọ́ Tẹniọlá mọ́ra, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kúrúnà ni lóòótọ́. Ó wà láàárín ìka, ó wà lọ́rùn ọwọ́, ó yí ìbàdí ká, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń yà á sínú ìwé. Ẹ̀rọ ò parọ́ níbẹ̀. Ó sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Àwọn ìléròrò kéékèèké ti kún ibẹ̀, wọ́n gbomi.

"Kí ni Ojú sọ nípa ẹsẹ̀ ọmọ yìí?"

"Ó ní ooru ni," Tẹniọlá dáhùn.

"Ooru! Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ wà lára ibi tí kúrúnà ti máa ń mú ọmọdé. Dọ̀tun! Yíjú sí mi. Kí ló ń bó létí rẹ yẹn?"

Dọ̀tun yíjú padà, ó ń fọwọ́ bo ẹ̀yìn etí. Láti ibẹ̀ dé iwájú orí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti yọ ìpẹ́ funfun. "Ẹ̀gbọ́n mi, làpálàpá ni. Ojú ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó ń yún ọ?"

"Díẹ̀díẹ̀. Lálẹ́."

Mopélọ́lá tẹjú mọ́ orí àbúrò rẹ̀. Kúrúnà ni èyí náà, àmọ́ orí? Kúrúnà kì í fẹ́ gun orí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gun orí ọkọ, tó gun àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, á jẹ́ pé nǹkan kan ló ń gbé e lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ta ló ń fọwọ́ kan orí Dọ̀tun? Ta ló ń di ọmọ lẹ́sẹ̀ mú?

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀ ní ọ̀nà yàrá, gbogbo ará ilé sì kúnlẹ̀ tàbí tẹríba.

Yèyé Adúnọlá ló ń bọ̀, ìyá Mopélọ́lá àti Dọ̀tun. Lójú gbogbo ìlú, Yèyé ni wọ́n. Wọ́n wà lára àwọn tó gun òkè yìí nígbà tí òkun gba ilẹ̀, àwọn ni wọ́n wa kànga àkọ́kọ́, àwọn náà ló sì wà lára àwọn tó nawọ́ sókè pé kí òfin Ara Mímọ́ wà, lọ́jọ́ tí èrò ń ya wá láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú egbò lára. Ó ti pẹ́. Àìsàn ńlá kan ti dá wọn gúnlẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Tẹniọlá ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fi òróró pa wọ́n lára.

"Mo gbóhùn ọmọ mi," Yèyé wí. "Mopé, o ò jẹ́ kí n mọ̀ pé ò ń bọ̀. Wọ́n ti fẹ́ gbé ìyàwó mi lọ o. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní Ojú ti sọ ọ́." Wọ́n jókòó lórí àga wọn. "Tẹniọlá, wá níbí, kí n súre fún ọ kó o tó lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo ilé á kúnlẹ̀ síwájú Yèyé, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa kálukú lórí, láti iwájú dé ẹ̀yìn etí. Wọn á wá gba ọmọ ọwọ́, wọn á di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọn á ní: "Ẹsẹ̀ rẹ á rin ire." Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ta ni yóò ní kí àgbà má súre?

Tẹniọlá kúnlẹ̀ pẹ̀lú omijé. Yèyé gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ń wúre, ọwọ́ wọn ń fara pa gèlè dúdú tó wé. Mopélọ́lá ń wò ó. Nǹkan funfun kan ń kù sílẹ̀ láti àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ sórí gèlè náà, bí ìyẹ̀fun tó ń jábọ́ láti inú asẹ́.

Ó sún mọ́ wọn.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín."

Ọwọ́ náà ti nípọn bí èèpo igi ìrókò. Ó ti sán, ó ti gbẹ, abẹ́ èékánná ti wú. Mopélọ́lá ká apá aṣọ wọn sókè, ó rí i títí dé ìgúnpá.

"Láti ìgbà wo? Ṣé ó ń yún yín?"

"Yún kẹ̀? Kò yún mi rárá, láti ìgbà àìsàn yẹn. Ojú ní ọjọ́ orí ló ń gbẹ mí lára. Ó ní kí wọ́n máa fi ìpara pa á. Ó sì tutù dáadáa."

Bí ẹni pé ó gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun, Ojú Ilé sọ láti òkè ilẹ̀kùn pé: "Adúnọlá, ìyá ìlú. Ara yìí mọ́."

Mopélọ́lá fa àpò iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ó yọ awò rẹ̀ tó ń mú nǹkan kékeré tóbi àti abẹ kékeré nínú àpò. Ó fi abẹ ha àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó da ìpẹ́ tó já sórí dígí, ó kọjú awò sí ògiri. Àwòrán tàn gbòò lára ògiri funfun.

Kòkòrò ni. Ikùn roboto, ẹsẹ̀ kúkúrú. Òmíràn ń gun òmíràn lórí, ẹyin wọn kún àárín wọn. Dọ̀tun fọwọ́ bo ẹnu. Tẹniọlá figbe ta.

"Bí mo bá ha ara ìyàwó mi yìí," Mopélọ́lá wí, "mo lè wá a títí kí n tó rí ẹyọ kan. Eléyìí, ọjà ni. Ara tó ń yún, ara tó ń bá olè jà nìyẹn, tó ń pariwo kí aládùúgbò gbọ́. Ara Yèyé ti rẹ̀, kò jà mọ́, olè wá fi ibẹ̀ ṣelé. Ìpara tí Ojú yín yàn ló sì tún ń kun ara náà lóorun sí i! Adéṣọjí, ṣó o rí i?"

"Mo rí i, Dókítà." Ó ti gbójú kúrò lára ògiri.

"Ara Tẹniọlá kọ́ ni orísun. Ọmọ yìí wẹ ìyá mi, ó fọ aṣọ wọn, ibẹ̀ ló ti kó o!"

"Ojú ní ara Yèyé mọ́."

"Ṣé ìwọ náà ò lójú ni?"

"Ojú tèmi kì í ṣe ẹ̀rí lábẹ́ òfin, ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n fi kúrúnà kọ́ Ojú, ó mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Ọwọ́ ta ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìsàlẹ̀! Kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ àgbà kankan síwájú rẹ̀ rí, torí ta ni yóò dá a láṣà? Gbogbo kúrúnà tó bá wọlé wa, ọmọ ìsàlẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni orísun. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá!"

Ní ìta, wáyà Àgò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kí-ìn, kí-ìn. Dọ̀tun fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá lọ sí igun yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa awò yẹn. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kó lọ báwo?"

"Bí wọ́n bá gbọ́ pé lára Yèyé ni… Ìyá wa ni. Ìyàwó, a lè fẹ́ òmíràn. Ìyá ò ṣe é ní méjì."

Kí ni kéèyàn fi irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ṣe! Mopélọ́lá wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. Àbúrò tó pọ̀n sẹ́yìn ni. Inú bí i débi pé omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀, ìyẹn sì tún bí i nínú sí i.

"Dọ̀tun, ojú ò tì ọ́? Ọmọ rẹ wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Obìnrin tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ìyá rẹ, nígbà tí ìwọ ń kọjú sí fèrèsé, òun lo fẹ́ fi sínú ẹrẹ̀?"

Dọ̀tun tún kọjú sí fèrèsé. Àmọ́ kí a má tan ara wa, ọkàn Mopélọ́lá náà ti là sí méjì. Bó bá dákẹ́, Tẹniọlá àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, aláìṣẹ̀ méjì, á bá Àgò lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìyá tó bí i ló máa lọ. Àti pé sísọ gan-an kò ní láárí, torí Ojú ti ní ara Yèyé mọ́. Àyàfi bí aṣojú bá sá.

Ó yíjú sí Adéṣọjí. Aṣọ funfun, ọwọ́ ìhòhò.

"Adéṣọjí," ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, "o ò tíì kí Yèyé láti ìgbà tí wọ́n ti jáde. Bí ilé yín ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Ta ló sọ ọ́ lórúkọ?"

Ojú ti ọmọkùnrin náà. "Yèyé ni. Ẹ má bínú, mà." Ó dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Ẹ kú ilé, Yèyé."

"Ibẹ̀ kọ́. Sún mọ́ wọn kí wọ́n súre fún ọ. Ara wọn mọ́, àbí? Ìwọ náà lo sọ ọ́."

Adéṣọjí dìde, ó rìn wá síwájú àga, ó kúnlẹ̀. Lára ògiri lẹ́yìn Yèyé, àwọn kòkòrò ń gun ara wọn. Yèyé wo ògiri náà, wọ́n wo ọmọ wọn obìnrin, wọ́n tún wo ọwọ́ ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Ó yé wọn. Mopélọ́lá rí i pé ó yé wọn, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Yèyé wá na ọwọ́ méjèèjì sórí Adéṣọjí. Kò sí ìkánjú níbẹ̀. "Ọmọ mi, wàá rí ire," wọ́n wí.

Adéṣọjí di ara rẹ̀ mú. Ó fún eyín pọ̀. Àmọ́ nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ náà kù díẹ̀ kó kan irun rẹ̀, tí ìpẹ́ kan bọ́ sí i ní imú, ó fò sẹ́yìn, ó fìdí jókòó sílẹ̀ gbì.

"Aṣojú sá," Ojú Ilé wí. Iná pupa kú nínú rẹ̀. "Aṣojú sá fún ara tó mọ́. Dókítà, ta ni orísun?"

Ọ̀rọ̀ rèé tí Mopélọ́lá ti ń fẹ́ láti ìgbà tó ti ń tẹ àtàǹpàkò, ó wá dé, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó wo ìyá rẹ̀. Yèyé mi orí sí i bí wọ́n ṣe máa ń mi orí sí i nígbà tó wà lọ́mọdé, tó bá ń bẹ̀rù láti wọ inú omi.

"Adúnọlá," ó wí. "Ìyá mi."

Ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Adéṣọjí ti dìde, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì ń bẹ̀bẹ̀. "Yèyé, ẹ má dààmú o. Dókítà, ẹ má sunkún. Ta ló máa gbé ìyá ìlú sọ̀kalẹ̀? Bí orísun bá ti jẹ́ ọlọ́lá, aláìsàn lásán ni gbogbo ilé, wọn kì í ṣe ẹlẹ́bi mọ́. Mo máa sáré lọ bá Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú. Kí oòrùn tó yí, wọ́n á ti gbé oògùn dé, ti pípa àti ti mímu. Kò ní pẹ́, ara gbogbo yín á mọ́."

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹkún dá lójú Mopélọ́lá.

"Oògùn wo?"

Adéṣọjí rí i pé òun ti sọ̀rọ̀ jù. "Ti… ti Ìgbìmọ̀. Díẹ̀ ló wà. Wọ́n fi pamọ́ nítorí àwọn àgbà."

"Wọ́n sọ fún gbogbo àwa dókítà pé oògùn kúrúnà tán lọ́jọ́ tí òkun gba èbúté!"

Tẹniọlá ló dìde nílẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó sún mọ́ aṣojú títí tí ẹ̀yìn ìyẹn fi kan ilẹ̀kùn.

"Bùọ̀dá," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, "oògùn wà?"

"Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́…"

"Lọ́dún tí ìyá mi fi ń ha ara rẹ̀ nísàlẹ̀, tí egbò di ìkẹ̀, tí ibà gbé e lọ níwájú mi. Ọdún yẹn, oògùn wà lókè níbí?"

Adéṣọjí wolẹ̀.

Yèyé fi ọ̀pá wọn gbá ilẹ̀. "Tẹniọlá, gbé àpò yẹn fún mi."

"Àpò wo, Yèyé?"

"Èyí tó o dì. Dọ̀tun, wá mú mi lápá, jẹ́ kí n rí ìwúlò rẹ lónìí. Èmi ni orísun, dókítà ti sọ ọ́. Kí ni òfin wí? Orísun á bá Àgò lọ. Èmi náà nawọ́ sí òfin ọ̀hún, ọwọ́ tẹ́ ẹ rí yìí náà ni mo fi nà án."

"Yèyé, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Adéṣọjí ti di ẹlẹ́kún. "Ìgbìmọ̀ ò ní gbà!"

"Kí wọ́n má gbà. Kí wọ́n wá gbé mi lọ́hùn-ún. Ibi tí mo bá wà ni oògùn wọn á wá bá mi, mi ò sì ní pa á lára níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ń ha ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí wọ́n kó o wá kó pọ̀ o."

"Ta ni á máa wẹ̀ yín?" Tẹniọlá bi wọ́n, ó ti ń sunkún.

"Àwọn tí mo lé lọ síbẹ̀ ni. Bí wọ́n bá fẹ́."

Àgò ti gúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn irin rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Dọ̀tun mú ìyá rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Mopélọ́lá tẹ̀ lé wọn, ó kúnlẹ̀ sórí irin tútù náà. Ọwọ́ Yèyé dìde lọ síbi orí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró lófuurufú. Yèyé kó o padà sábẹ́ ìborùn wọn.

"Ẹnu lásán ni màá fi ṣe é lónìí," wọ́n wí. "Mopé, wàá rí ire. O ò ní tẹ àtàǹpàkò sídìí irọ́ mọ́."

"Àmín, Yèyé."

Òun àti Dọ̀tun jáde, ilẹ̀kùn pa dé, wáyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Àgò sì ń lọ sísàlẹ̀ nínú ìkùukùu. Mopélọ́lá nu ojú rẹ̀ nù, ó yíjú sí Adéṣọjí tó ṣì dúró gbagidi lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Kí lò ń wò?" ó wí fún un. "Sáré lọ kó oògùn wá. Ìyá ìlú ti ń dúró dè yín nínú ẹrẹ̀."